Èsúsú Ara: Kí Ọjọ́ Orí Máa Ga, Kí Ẹsẹ̀ Má Dúró

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àpérò lórí ìlera, nínú ètò ayẹyẹ ọdún mẹ́wàá ẹgbẹ́ wa, ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ọlọ́run tó dá wa sí di òní yóò dá wa sí di ogún ọdún àti ọgbọ̀n ọdún.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí ẹ̀ka alukoro sọ̀rọ̀ lórí ìlera, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ni òṣìṣẹ́ báńkì mọ̀ nípa ìlera? Òótọ́ ni, a kì í ṣe dókítà, a kò sì ní kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni lónìí. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ owó ti rí nǹkan kan lára ọmọ ènìyàn. Ohun tí a mọ̀ pé ó dára kọ́ ni à ń ṣe. Ohun tí a bá bá ẹlòmíràn dá ọjọ́ sí ni à ń ṣe. Orí ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wa yóò dúró lé.

Ohun tó wà nílẹ̀

Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, púpọ̀ nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń súnmọ́ ogójì ọdún ni. Nísinsìnyí a ti wọ inú ogójì dáadáa, àádọ́ta sì ti ń juwọ́ sí wa lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó bá wo ìwé owó ẹgbẹ́ yóò rí bí nǹkan ṣe yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, owó ìrànlọ́wọ́ tó ń jáde jẹ́ ti ìkómọ àti ìṣílé. Ní àwọn ọdún tó kọjá yìí, ti ilé ìwòsàn ló pọ̀ jù. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì ti fi wá sílẹ̀, kò sì sí èyí tó pé àádọ́ta ọdún nínú wọn. Ọ̀kan wà láàárín wa lónìí tí ọwọ́ rẹ̀ kò tí ì padà sípò lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀. A kò ní dárúkọ, gbogbo wa la mọ̀.

A kò sọ pé àìṣe eré ìdárayá ló pa ẹnikẹ́ni. Ikú ní ọ̀nà púpọ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ wọ́n tán. Ṣùgbọ́n igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwọn tó kù ni ọ̀rọ̀ kàn, àwa náà sì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká rántí pé láyé àwọn baba wa, ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ìjókòó. Ìlú ló ń pè wọ́n sí iṣẹ́. Wọ́n ń yẹ ọ̀nà, wọ́n ń bá ara wọn kọ́lé, wọ́n ń ṣọ́ ìlú. Ẹ ronú kan Erédò Sùngbọ́ ní apá Òkè-Ẹ̀rì, yàrà tó yí ilẹ̀ wa ká fún nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ibòmíràn nínú rẹ̀ jìn tó 20 mítà. Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ, kò sí katakata nígbà náà. Àwa tí a jẹ́ ọmọ wọn, ìjókòó ni iṣẹ́ wa, ìjókòó ni ọkọ̀ wa, ìjókòó ni ìpàdé wa. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń rìn pọ̀ lọ́dún ni ọjọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń lọ kí Awùjalẹ̀. Aṣọ wa máa ń dán lọ́jọ́ náà, fìlà á gún régé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ń gbọ́ bí a ṣe ń mí kí a tó dé iwájú Kábíyèsí.

Ara náà ní àkáǹtì

Ẹni tó ní àkáǹtì ní báńkì mọ̀ pé bí òun kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, owó kan wà tí wọ́n máa ń yọ: owó káàdì, owó àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Bí a kò bá fi kún un, ọjọ́ kan la ó bá òfo níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara rí. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lọ ni iṣan ara ẹni tí kò lò ó ti ń dín kù, láti ìdá 3 sí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí a bá ti kọjá ọgọ́ta ọdún, ó máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í dunni, kì í pariwo. Aṣọ gan-an lè má fi hàn, nítorí ọ̀rá ló ń gba ipò iṣan tó lọ. Ìgbà tí a bá fẹ́ dìde lórí àga rírọ̀, tí a ní láti fi ọwọ́ méjèèjì ti itan kí a tó gbéra, ìgbà náà ni ara ń fi ìwé ránṣẹ́ sí wa pé owó ti ń tán lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ríru náà kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹni tí ẹ̀rọ bá ń kà á fún ní 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà gbogbo, ó yẹ kó ti wà lọ́dọ̀ dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kò fọ́ ọ, ojú kò sì ṣú u. Ìrìn àti eré ìdárayá ń mú un wálẹ̀, wọ́n sì ń ran ara lọ́wọ́ láti lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Wọn kò gba ipò oògùn o. Ẹni tí dókítà bá fún lóògùn, kó máa lò ó lọ, kó sì máa rìn.

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìjókòó, ìtàn kan wà tó yẹ kó kàn wá. Ọkùnrin dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Jeremy Morris, wo àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ìlú náà. Awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan náà, ilé iṣẹ́ kan náà ló gbà wọ́n. Ìyàtọ̀ wọn kò ju pé awakọ̀ ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, kọ̀ńdọ́kítọ̀ sì ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ náà sókè sódò lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́ láti gba owó. Ní ọdún 1953, Morris àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tẹ ohun tí wọ́n rí jáde: àrùn ọkàn ń kọlu àwọn awakọ̀ ju àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ, bó bá sì kọlù wọ́n, ó ń tètè pa wọ́n jù. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ wọ̀nyẹn kò lọ sí ilé ìdárayá kankan, wọn kò ra bàtà eré. Gígun àtẹ̀gùn ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Morris fúnra rẹ̀ máa ń rìn, ó ń lúwẹ̀ẹ́, ó sì lo ọdún 99 láyé.

Ìtara kì í báni kalẹ́

Bí a bá ti sọ báyìí tán, ohun tí ẹ ó sọ ni pé: "Alukoro, a mọ gbogbo èyí. Ìtara láti ṣe é ni kò sí." Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní ọdún, ẹ lọ wo pápá ìṣeré ìlúkílùú ní ìdájí Sátidé. Bàtà tuntun, aṣọ eré tuntun, omi inú ike. Nígbà tí yóò bá fi di oṣù Kẹta, ewúrẹ́ ti gba pápá padà.

Ní báńkì, a máa ń rí oníbàárà tó wá ṣí àkáǹtì ìfowópamọ́ pẹ̀lú ìtara. Yóò ní òun yóò máa fi owó pàtó síbẹ̀ lóṣooṣù. Nígbà tó bá fi di oṣù kẹta, a kò ní rí i mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá aláta tí èrè rẹ̀ kò tó ìdajì owó oṣù onítọ̀hún kì í yẹ èsúsú. Òjò ìbáà rọ̀, ọjà ìbáà tútù, owó èsúsú yóò pé. Ṣé pé ìyá aláta ní ìtara ju oníbàárà wa lọ ni? Rárá. Nǹkan mẹ́ta ló ń mú èsúsú dúró. Ìkíní, owó tí wọ́n dá kò ju agbára ẹni lọ. Ìkejì, ọjọ́ rẹ̀ kì í yí padà. Ìkẹta, tó ṣe kókó jù, àwọn kan ń retí rẹ̀. Bí ó bá yẹ̀ ẹ́, ètò ẹlòmíràn ló dà rú, orúkọ rẹ̀ ló sì bàjẹ́.

Ohun tí a fẹ́ fi lọ ẹgbẹ́ lónìí nìyẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ ká dúró de ìtara mọ́. Ìtara dà bí àlejò, ó wá, ó lọ. Ẹ jẹ́ ká dá èsúsú ara: iye tó mọ níwọ̀n, ọjọ́ tí kò ní yí padà, àti ọmọ ẹgbẹ́ tó ń dúró dè wá ní ẹnu ọ̀nà. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ó dà bí ẹni pé àwa ni wọ́n pa òwe náà fún.

Ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀, kó ní sùúrù. Àwọn olùwádìí ní University College ti Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ lé àwọn ènìyàn 96 tí wọ́n fẹ́ sọ nǹkan kan di àṣà ojoojúmọ́, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Ọjọ́ tó gbà kí nǹkan náà tó mọ́ ènìyàn lára wà láti 18 títí dé 254. Èyí tó wà láàárín ni 66. Ẹ ò rí i pé oṣù méjì ó lé díẹ̀ ni. Wọ́n tún rí i pé bí ènìyàn bá pa ọjọ́ kan jẹ, kò ba iṣẹ́ tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá lọ síbi ìsìnkú ní Sátidé tí kò rìn, kó má sọ pé ó ti parí. Kó dìde lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e.

Èló ni dídá?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dá iye náà fún wa ní ọdún 2020. Fún àgbàlagbà, ó kéré tán, 150 ìṣẹ́jú ìrìn kíákíá tàbí iṣẹ́ tó jọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí a bá pín in, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kò pọn dandan kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lọ́sàn-án, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ ló wọ inú ìwé. Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ìrìn náà yá tó? Kí ẹnu lè máa bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kó má lè kọrin. Bí orin bá ṣì ń jáde geerege, ẹ fi kún un. Bí ọ̀rọ̀ kò bá jáde mọ́, ẹ dín in kù.

Ìkejì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí a fún iṣan ara níṣẹ́. Kò dìgbà tí a bá gbé irin. Ẹ jókòó sórí àga onígi, ẹ ká ọwọ́ sí àyà, ẹ dìde, ẹ jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe. Ẹ dojú kọ ògiri, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tì í, kí ẹ máa tẹ̀ síwájú kí ẹ sì máa tì padà sẹ́yìn. Ẹ pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì kékeré méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, kí ẹ gbé e yí ilé ká. Ohun tí àwọn ọmọ wa ń sá fún nílé nìyẹn, àwa la tún wá nílò rẹ̀ báyìí.

Ẹ̀yin ìyàwó wa, ẹ fetí sí èyí. Bí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dáwọ́ dúró, eegun máa ń yára fúyẹ́, ìṣubú kékeré sì lè dá a. Ìrìn àti gbígbé ohun tó wúwo níwọ̀n wà lára ohun tó ń mú eegun dúró. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan.

Àwọn kan nínú wa ní ẹ̀rọ lọ́wọ́ tó ń ka ìṣísẹ̀, wọ́n sì máa ń banú jẹ́ bí kò bá pé 10,000. Ẹ fara balẹ̀. Dókítà kọ́ ló kọ́kọ́ dá iye náà. Ilé iṣẹ́ kan ní Japan ló gbé ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ jáde ní ọdún 1965, orúkọ tí wọ́n sì fi polówó rẹ̀ túmọ̀ sí "òǹkà ìṣísẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá". Àwa tí a ń ṣe ìpolówó ọjà mọ bí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń wọ ènìyàn lára. Iye tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúrò ní 2,000 tó dé 4,000 ti jèrè. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwáwí tí a mọ̀

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ díẹ̀ nínú àwáwí, nítorí àwa náà la ni wọ́n.

"Iṣẹ́ kò jẹ́ kí n ráyè." Ẹni tó ń kúrò nílé ní Èkó ní aago márùn-ún ìdájí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, a kì í bínú sí i. Ṣùgbọ́n ó lè fi àtẹ̀gùn gun ilé iṣẹ́ dípò ẹ̀rọ agbénisókè. Ó lè rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ó lè dìde nígbà tó bá ń gba ìpè. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ Lọ́ńdọ̀nù kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ kó tó rí ara rẹ̀ tún ṣe.

"Orúnkún ń dùn mí." Kí dókítà kọ́kọ́ wò ó. Ṣùgbọ́n fún púpọ̀ nínú ìrora orúnkún tó ń bá ọjọ́ orí wá, ìrìn pẹ̀lẹ́ àti mímú iṣan itan le wà lára ìtọ́jú tí wọ́n ń júwe. Orúnkún tí a kò lò rárá ni yóò gan. Ẹni tí kò bá lè rìn jìnnà, ó lè wa kẹ̀kẹ́ tàbí kó lúwẹ̀ẹ́.

"Mo ti dàgbà jù." Ẹ̀yin bàbá ìsàlẹ̀ wa, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ní ọdún 1990, àwọn dókítà ní Boston, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn arúgbó mẹ́wàá aláìlera ní ilé ìtọ́jú àgbà, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 86 sí 96. Wọ́n fún ẹsẹ̀ wọn ní iṣẹ́ gbígbé ohun wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, pẹ̀lú àbójútó. Agbára ẹsẹ̀ àwọn tó parí rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹni méjì nínú wọn sì ju ọ̀pá ìtìlẹ̀ nù. Fauja Singh náà wà, ọmọ Íńdíà tó gbé ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà ayé rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kà sí ọmọ ọdún 89 ni nígbà tó kọ́kọ́ sá eré onígba pípẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2000, kìlómítà 42 gbáko. Ní ọdún 2011, ní Toronto, ó tún sá irú rẹ̀ parí nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò dá sá a: ó ní olùkọ́, ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ tó ń bá a sáré. A kò ní kí bàbá ìsàlẹ̀ wa lọ sáré lọ sí Ṣàgámù. Ohun tí a bẹ̀ yín fún kò ju kí ẹ máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ọwọ́ wà nítòsí ògiri, kí ẹ tó bọ́ sórí èkejì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó ti tó ọdún 65 máa ṣe irú ìdúróṣinṣin bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ìṣubú lè jìnnà sí i.

Ọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀lù ayẹyẹ

Ibi kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún ara wa. Ní gbogbo ayẹyẹ, a máa ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn. Ó dùn, ó ń múni rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti jókòó fún oṣù mọ́kànlá, tí kò mọ iye ìfúnpá rẹ̀, tó wá wọ ṣòkòtò péńpé tó ń sá tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù nínú oòrùn aago mẹ́ta nítorí pé àwọn aya wa ń wòran, ewu ló ń gbé kiri. Eré líle òjijì lára ẹni tí kò ṣe é rí ni ó máa ń ko ọkàn láyà jẹ jù. Ara tó ń ṣe díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í bẹ̀rù ọjọ́ kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré líle, kó kọ́kọ́ yẹ ìfúnpá àti ṣúgà rẹ̀ wò. Bí àyà bá ń fún ẹni, bí èémí bá ń ká ju bó ṣe yẹ lọ, bí ojú bá ń ṣú, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtìjú gba bọ́ọ̀lù kan sí i. Ní ojú ọ̀nà, ẹ rìn ní apá tí ẹ ó ti máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́kàn-án-kàn, ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀, ẹ sì jáde kí oòrùn tó mú.

Àbá wa fún ẹgbẹ́

Ẹ̀ka alukoro kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí sínú ìwé ayẹyẹ. Àbá márùn-ún la gbé wá síwájú ilé:

1. Kí a pín ara wa sí ilé èsúsú, ẹni márùn-ún márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń gbé nítòsí ara wa. Kí olúkúlùkù ilé yan ọjọ́, wákàtí àti ojú ọ̀nà tirẹ̀, kí wọ́n má sì yí i padà. Olórí èsúsú ni yóò máa kọ ẹni tó san àti ẹni tó jẹ gbèsè. Àwọn ará òkè òkun tí òtútù kò jẹ́ kí wọ́n jáde lè rìn nínú ilé, kí wọ́n máa bá ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí wọ́n ti ń rìn.

2. Ẹni tó bá pa ọ̀sẹ̀ méjì jẹ, kí a má bu owó ìtanràn lé e. Kí ẹni méjì lọ kí i nílé. Bóyá ó ń ṣàìsàn, bóyá iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá ọkàn rẹ̀ ló rẹ̀wẹ̀sì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹsẹ̀ tí kò jáde ti máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ.

3. Kí ìpàdé oṣooṣù máa fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìrìn bẹ̀rẹ̀, kí Ààrẹ wà níwájú. Lẹ́yìn ìrìn ni àga yóò kàn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ìrìn náà jẹ́ ti Erédò Sùngbọ́, kí a sì mú àwọn ọmọ wa dání, kí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wọn.

4. Kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ ìwọn ìfúnpá. Owó rẹ̀ kò tó owó aṣọ ẹbí ìdílé kan. Kí olúkúlùkù máa wọn tirẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé ara rẹ̀. A kò ní ka ti ẹnikẹ́ni síta.

5. Láti ọdún tó ń bọ̀, kí ó jẹ́ pé ẹni tó bá ti san èsúsú ara fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko ni yóò wọ pápá bọ́ọ̀lù ayẹyẹ. Àwọn yòókù á máa bá wa pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ náà níyì.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a mọ bí a ṣe ń ná owó lórí ara wa nígbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́. A ó dá owó ilé ìwòsàn, a ó dá owó ìsìnkú, a ó tún rán aṣọ sí i. Inú rere ni, a kò sì ní dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì àbọ̀ lọ́sẹ̀ tí a bá bá ọmọ ẹgbẹ́ wa rìn nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá, ìfẹ́ ni ìyẹn náà, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Kò sí ẹni tó lè rìn fún ẹlòmíràn, a kàn lè bá a rìn ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tí ì padà sípò náà yóò wà nínú ilé èsúsú kan, bí dókítà bá gbà á láyè, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì fi ìṣísẹ̀ wọn bá tirẹ̀ mu.

Ìrìn àkọ́kọ́ yóò wáyé ní Sátidé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, láti iwájú ilé ìpàdé wa. Ẹ má ra bàtà tuntun. Èyí tó wà nílé ti tó.

Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà kún ọjọ́ orí wa. Kí ó tu àwọn ìdílé tó ti pàdánù nínú, kí ó wo àwọn aláìsàn wa sàn. Ẹsẹ̀ tí a fi rìn wá síbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá, òun náà la ó fi rìn wá síbi ti ogún ọdún, a kò ní gbé wa wá. Àṣẹ.